Igun Kẹrin Ìbora Keje

“Ẹ dá ìwé yẹn padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ fi agbára gbà á lọ́wọ́ yín.”

“Wá gbà á. Àní kó o wá gbà á! Ṣebí ọwọ́ tí mo fi kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ náà lo fẹ́ lọ́?”

“Tí ìwé yẹn bá fi lè wọnú àpótí, èmi àtẹ̀yin, ilé ló kàn. Ilé tààrà. Kò ní sí pé ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́.”

“Àwa ṣì rí ilé lọ. Ọmọ tó wà lókè ńkọ́? Ilé wo lòun máa sá lọ?”

Téèpù ló ń bẹ Ìyá Fàále bẹ́ẹ̀. Òun ni ọ̀gá yàrá ìránṣọ. Téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀, àfi bíi pé wọ́n bí i mọ́ ọn, ibẹ̀ náà lorúkọ ti wá. Ó fi gbogbo ara dí ọ̀nà. Lẹ́yìn ẹ̀, lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni àpótí pupa wà, kò ju ìṣísẹ̀ méjìlá lọ síbi tí Ìyá Fàále dúró sí. Òfin ilé iṣẹ́ yẹn ò ní kọ́lọkọ̀lọ nínú: ẹnikẹ́ni tó bá rí àbùkù nínú iṣẹ́, kódà kó jẹ́ agbálẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé pupa, kó jù ú sínú àpótí. Àwọn ọ̀gá pátápátá nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Ohun tó bá ti wọ ibẹ̀, ó wọ ibẹ̀ náà nìyẹn.

Àwọn yòókù ti lọ jẹun ọ̀sán. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú yàrá funfun náà, wọ́n fi fìlà bo irun, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n fi ọ̀rá bo bàtà. Wọ́n dà bíi dókítà méjì tó ń jà lórí aláìsàn tí ò sí lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ìyá, ẹ gbọ́ ná. Ìbora keje ti lọ. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tó ti wà lókè. Ṣé ìwé lẹ máa fi fà á sọ̀kalẹ̀ ni?”

“Mi ò ní kí wọ́n fà á sọ̀kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n mọ̀.”

“Òfuurufú tóbi! Ẹ mọ bó ṣe tóbi tó? Kí pàǹtírí kan wá fi gbogbo ibẹ̀ yẹn sílẹ̀, kó wá lọ mú igun tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ?”

“Igbó náà tóbi. Ọta ọdẹ ṣì ń rí ẹran.”

“Ẹ má dẹ́rù bà mí.”

“Ẹ̀rù ti ń bà ẹ́ kí n tó dé. Ìwọ tó o ní o ò ṣe nǹkan kan.”

“Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe lọ́jọ́ yẹn? Ẹ̀yin lẹ rán an! Kí n wá dúró níwájú àlejò, níwájú kámẹ́rà, kí n sọ fún ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ yín ò dáa? Ṣé ẹ ò ní gbá mi létí?”

Ìyá Fàále di ìwé náà mú pinpin. Òótọ́ lọmọ náà sọ. Ì bá gbá a létí.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró síbẹ̀ ná. Obìnrin yìí, kì í ṣe òfuurufú ló bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ fún.

Nígbà tí ayé ṣì ń rán aṣọ, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kì í gbèrò. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni, aṣọ ìyàwó ni, kóòtù àwọn tó ń lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà, ẹ̀rọ mẹ́rin, àga kan ṣoṣo tó ní ìrọ̀rí, tiẹ̀ nìyẹn. Orí àga yẹn ló ti ń pariwo láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́: “Fà á le! Mo ní kó o fà á le! Ṣé àpò sìmẹ́ǹtì lo ń rán ni?” Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Fàále, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀, ó gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó bá gbà á. Inú ẹ̀ tiẹ̀ dùn. Ó máa ń sọ fún oníbàárà pé, “Aṣọ tí mo bá rán, ẹni tó wọ̀ ọ́ ló máa kọ́kọ́ gbó.” Irọ́ kọ́ o. Ipa òwú ẹ̀ tọ́ débi pé èèyàn lè fi fa ìlà sínú ìwé.

Ìgbà tó yá, aṣọ tí wọ́n ti rán tán ya wọ ìlú, ó pọ̀ bí eṣú, owó ẹ̀ ò tó owó òwú. Oníbàárà ń dín, ọmọ iṣẹ́ ń dín. Ó ta ẹ̀rọ kan, ó ta èkejì. Ní ìgbẹ̀yìn, ó kù òun àti kàlẹ́ńdà nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wo ara wọn. Baálé ẹ̀, tó ń tún ara mọ́tò tó bá fimú gbá ògiri ṣe, ẹ̀yìn ti ń dùn ún, ọjọ́ méjì ló ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ló ń dùbúlẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Téèpù yọjú. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti gbòmìnira lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wọ bàtà tó mọ́ jù.

“Ìyá, wọ́n ń wá ẹni tó lè fọwọ́ rán nǹkan níbi iṣẹ́ wa. Mo ti dárúkọ yín.”

“Aṣọ ta ni?”

“Aṣọ ilé kan ni.”

“Ilé ń wọṣọ?”

“Èyí tó wà lójú òfuurufú ń wọ̀ ọ́.”

Ìyá Fàále fa imú sínú, ó ń gbóòórùn ẹnu ọmọ náà bóyá ó ti ń mutí.

Àfi ìgbà tó débẹ̀. Ilé kan wà lókè lóòótọ́, èèyàn mẹ́fà ń gbé inú ẹ̀, ó ń yí ayé po, wákàtí kan ààbọ̀, ó ti yípo tán. Kì í ṣe òun nìkan ló wà lójú ọ̀nà yẹn. Sátẹ́láìtì tó ti kú wà níbẹ̀, nọ́ọ̀tì tó tú wà níbẹ̀, èépá ọ̀dà tó bó lára rọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń sáré, eré tí ọta ìbọn kan ò lè sá ìdákan nínú mẹ́wàá ẹ̀. Èyí tí ò tó hóró ọ̀kà lè ṣe ohun tí òkò ò lè ṣe. Àwọn ńláńlá, wọ́n ń rí wọn láti ilẹ̀, wọ́n á ní kí ilé yà fún wọn. Àwọn wẹ́wẹ́ ni kì í sọ fẹ́nì kan kí wọ́n tó dé.

Láyé àtijọ́, irin ni wọ́n fi ń dáàbò bo nǹkan. Irin wúwo, tí nǹkan bá sì gbá a, òun náà á tún fọ́ di pàǹtírí mìíràn. Ilé iṣẹ́ yìí wá ń fi aṣọ ṣe é. Aṣọ àkọ́kọ́, òwú ẹ̀ dà bí amọ̀ tí wọ́n sun nínú iná, ó ń họ ọwọ́. Aṣọ kejì, irú èyí tí ọta ìbọn kì í lè là kọjá ni. Láàárín wọn, tìmùtìmù kan tó fúyẹ́ bíi fóòmù ọṣẹ, tó o bá tẹ̀ ẹ́ á rún, tó o bá fi í sílẹ̀ á tún rú padà. Lábẹ́ gbogbo ẹ̀, awọ tuntun kan báyìí tó jẹ́ pé bí nǹkan bá gún un, á dijú ara ẹ̀ kó o tó ṣẹ́jú. Ìyá Fàále fi abẹ́rẹ́ gún awọ yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó yọ ọ́, ó wá ihò, kò rí i. Ó ní, “Ká ní irú èyí wà fún ọkàn èèyàn.”

Téèpù ló wá ń kọ́ ọ. Ayé yí. “Ìyá, ibí yìí, ẹ má fà á le o. Iṣẹ́ aṣọ àkọ́kọ́ kọ́ ni láti dá nǹkan dúró. Kó fọ́ ọ túútúú niṣẹ́ tiẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ló máa jẹ́ kí ẹ̀fọ́kù yẹn fọ́nká, kí aṣọ kejì tó gbá a mú. Tí àlàfo ò bá sí, ó máa wọlé lódidi ni. Torí ẹ̀, òwú tó so igun, ẹ jẹ́ kó dẹ̀.” Ó fi irin pẹlẹbẹ kan hàn án, ó ní irin yìí gbọ́dọ̀ wọ etí igun kọ̀ọ̀kan láìtì í, bí lẹ́tà ṣe ń wọ abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ó gbọ́ ọ lẹ́tí. Ọwọ́ ẹ̀ ni ò gbọ́. Ọgbọ̀n ọdún lọwọ́ yẹn fi ń fà á le, ojoojúmọ́ ló ń bá a jà. Ìbora kìíní dé ìkẹfà, ó bá a jà, ó ṣẹ́gun.

Ọjọ́ ìbora keje ni àlejò dé.

Ọmọbìnrin kan ni, kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ó wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù, gbogbo nǹkan ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Oṣù tó ń bọ̀ ló ń lọ gbé inú ilé òkè fún ọdún kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ ọ́ lórúkọ kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò: Ọmọ Òkè. Ibùsùn ẹ̀ nínú ilé náà, ògiri tí ìbora keje máa bò gan-an ló fẹ̀yìn tì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kó wá wò ó, kí wọ́n ya fọ́tò òun àti ìyá tó rán an.

Ìyá Fàále wo ìbora náà lórí tábìlì. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wú, wọ́n rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, wọ́n dà bí ìrọ̀rí tí ọmọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan rán. Ojú tì í. Fọ́tò yìí máa lọ káàkiri ayé, àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà ṣọ́ọ̀bù máa rí i, wọ́n á ní, “Ìyá Fàále náà nìyẹn? Ojú ti ń ṣe é o.” Àlejò ṣì wà ní yàrá kejì. Ó mú abẹ́rẹ́. Ó fa òwú igun kìíní, ó ta kókó. Ó fa èkejì. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú ṣáṣá bí etí ìwé tuntun.

Ọmọ Òkè wọlé, ó fọwọ́ pa á. “Hẹ̀n-ẹn! Ìyá, ẹ ò kúkú rán èmi náà mọ́ ọn!” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó wá dẹ ohùn sílẹ̀, ó jọ pé òun náà ń bẹ̀rù díẹ̀. “Ṣé á dáàbò bò mí?”

“Tí nǹkan bá ṣe é, èmi ni kó o wá bi.”

Téèpù mú irin pẹlẹbẹ jáde láti yẹ̀ ẹ́ wò. Igun kìíní, irin kọ̀, kò wọlé. Ó gbójú sókè wo Ìyá Fàále. Ìyá Fàále náà wò ó, ojú tó fi ń wò ó nígbà tó ṣì ń sùn lórí ẹ̀rọ. Téèpù fi àtàǹpàkò tẹ etí aṣọ náà lọ́hùn-ún, irin wọlé, ó fọwọ́ síwèé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà ń tàn pàù pàù.

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Oṣù kan kọjá, ìbora gòkè. Oṣù mẹ́ta tún kọjá.

Lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú ìjà yìí, Ìyá Fàále gbé oúnjẹ àárọ̀ ẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ìjẹun, ó rí i pé wọ́n gbé nǹkan méjì kọ́ sára ògiri. Ìbora tí wọ́n lọ fi ìbọn ńlá dán wò nílùú mìíràn ni, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ti àkọ́kọ́, ihò tó tó àtàǹpàkò wà níwájú; lẹ́yìn, kò sí nǹkan ju àbàwọ́n dúdú. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: Igun tó dẹ̀. Ti èkejì, ihò wà níwájú, ihò wà lẹ́yìn, ó tóbi ju èyí tí awọ abẹ́ lè dijú lọ, páànù tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ sì ti ya síta bíi agolo tí wọ́n fi ọ̀bẹ ṣí. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: Igun tí wọ́n fà le.

Oúnjẹ tutù lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn ẹ̀ ń bèèrè pé, “Ta ló tiẹ̀ máa ya òmùgọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó máa fà á le?” Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó délé, baálé ẹ̀ wà níwájú ilé, ó jókòó ti bọ́ńpà kan, ó ń fi òòlù kékeré lù ú. Ìyá Fàále ò tíì bọ́ bàtà tó fi bèèrè.

“Ẹ gbọ́. Kí ló dé tí wọn kì í lẹ bọ́ńpà mọ́ ara mọ́tò?”

“Ta ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn?”

“Mo ní kí ló dé tí wọn kì í lẹ̀ ẹ́.”

“Wọ́n fi àlàfo síbẹ̀ kí bọ́ńpà lè rún, kí èèyàn má rún. Bọ́ńpà tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ mọ́tò gbàgì, ṣé bọ́ńpà nìyẹn? Ọ̀ṣọ́ ni.” Ó dáwọ́ òòlù dúró. “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Ó sọ ọ́ fún un. Gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin náà ò bú u, kò rẹ́rìn-ín, ó nawọ́, ó yí ohùn rédíò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sókè. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ ni wọ́n ń tún sọ: sátẹ́láìtì méjì tó ti kú tipẹ́ forí gbárí, wọ́n fọ́ yángá. Ọ̀wọ́ pàǹtírí tuntun ti wà lójú ọ̀nà ilé òkè, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n ń kọjá níbẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ á sá wọ ọkọ̀ tó máa gbé wọn wálé, wọ́n á dúró kó kọjá, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn wẹ́wẹ́ tí wọn ò rí, wọn ò lè ka iye wọn.

“Ṣé ó ti pẹ́ tó o mọ̀?” ni baálé ẹ̀ bi í.

“Àtàárọ̀.”

“Àtàárọ̀ náà ti pẹ́.”

Ìyá Fàále fi ọjọ́ mẹ́ta gbójú sókè. Ó ń rìn lọ síbi iṣẹ́, ó ń wo sánmọ̀ aláwọ̀ eérú tí ò ní nǹkan kan nínú. Ó ń ka wákàtí kan ààbọ̀, wákàtí kan ààbọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ló mú ìwé pupa.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi ìjà wa.

“Orúkọ tèmi nìkan ni mo kọ,” ló ń sọ fún Téèpù. “Mi ò dárúkọ ẹ.”

“Orúkọ mi wà nínú ìwé àyẹ̀wò, ìyá! Tiyín bá ti jáde, tèmi á tẹ̀ lé e bí ìrù. Ìyàwó mi lóyún. Èmi ni mo mú yín wá síbí, ṣé ẹ rántí? Nígbà tí ẹ̀yin àti kàlẹ́ńdà ń wo ara yín.”

“Mo rántí.”

“Ẹ wá fi èyí san án?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó ní, “Gbogbo ohun tó o ṣe fún mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ẹ láti máa bẹ̀rù ojú mi ju bó o ṣe ń bẹ̀rù àbùkù lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn. Ọmọ yẹn ò sí níbẹ̀ nígbà tí mò ń kọ́ ẹ.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Téèpù ò yẹ̀. Ó rìn títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbárí. Ó rọra sọ ọ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tọ́mọ náà bá sùn lé aṣọ oníbàárà lórí: “Súnra.”

Téèpù súnra.

Ìwé náà wọ inú àpótí, ó ró sùẹ̀. Kò tiẹ̀ pariwo.

“Ó parí,” Téèpù ní.

“Kò tíì bẹ̀rẹ̀.”

Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi pè wọ́n. Ọ̀gá pátápátá ò gbé ohùn sókè, ìyẹn gan-an ló ba Ìyá Fàále lẹ́rù. Kò bèèrè ìdí. Ó ní: “Igun mélòó?”

“Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.”

“Ọ̀rọ̀ yín méjèèjì, ó di ìgbà tí èyí bá tán. Báwo la ṣe máa tú u?”

Ìyá Fàále ṣàlàyé fún un. Kókó tó ta yẹn, kókó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni, kò sí nínú ìwé kankan. Téèèyàn bá gé èyí tójú kọ́kọ́ rí, òwú á sá, gbogbo etí ìbora á ṣí yàà. Fọ́nrán òwú kẹta ni kéèyàn gé. Gé ìkẹta, tìmùtìmù inú á rú fúnra ẹ̀, àlàfo á padà. Ọ̀gá náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n?” Ìyá Fàále ní, “Èmi àti ọmọ yìí.”

Bí wọ́n ṣe bá ara wọn nínú yàrá kékeré kan nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òun àti Téèpù, ìbora kẹjọ tó wà lẹ́nu rírán nílẹ̀ níwájú wọn, kókó kan náà ní igun ẹ̀, gbohùngbohùn kan tí ohùn òkè ń gbà wọlé lórí tábìlì, ọkùnrin kan tó ń wo aago. Ọmọ Òkè fúnra ẹ̀ ló jáde síta lókè lọ́hùn-ún, òun lọwọ́ ẹ̀ tín-ín-rín jù. Àkókò tí ọ̀wọ́ pàǹtírí fi ń kọjá ò dọ́gba; láàárín kó kọjá àti kó tún padà dé lọ́sàn-án yẹn, wákàtí kan àti díẹ̀ ló ní.

Èémí ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Hẹ̀ẹ̀. Hẹ̀ẹ̀. Lẹ́yìn náà:

“Ìyá, ẹ káàsán.”

“Káàsán, ọmọ mi.”

“Ẹ ní tí nǹkan bá ṣe é, ẹ̀yin ni kí n wá bi. Mo ti dé o.”

Ẹ̀rín ṣì wà nínú ohùn náà, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín.

“Mo fà á le,” Ìyá Fàále ní. “Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi. Mo fẹ́ kó rẹwà nínú fọ́tò. Má bínú.”

Hẹ̀ẹ̀. Hẹ̀ẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká tú u ná, ìyá. Ìbínú lè dúró dè mí nínú ilé.”

Igun kìíní gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Ìbọ̀wọ́ ẹ̀ nípọn bí táyà mọ́tò. Ìyá Fàále ń darí ẹ̀: “Èyí tó o kọ́kọ́ rí yẹn, òpùrọ́ ni, fi í sílẹ̀. Kà á lọ sínú. Ọ̀kan. Èjì. Ìkẹta á fẹ́ sá fún ẹ.” Téèpù ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lára ìbora kẹjọ, ó ń sọ ibi tó kàn, òógùn ń já bọ́ nímú ẹ̀. Lójijì ni ọmọbìnrin náà kígbe: “Ó gbéra! Ìyá, ó mí!”

Téèpù di ọwọ́ ìyá náà mú. Òun náà ò mọ̀gbà tó dì í mú.

Igun kejì, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Bó ṣe gé e tán, ohùn ẹ̀ yí.

“Ihò kan wà níbí.”

Ọkùnrin aago gbórí sókè. “Níbo?”

“Ẹ̀gbẹ́ igun. Ìka méjì sí i. Kékeré bí ojú abẹ́rẹ́ ni. Kò sí níbẹ̀ nínú fọ́tò tí wọ́n yà lọ́sẹ̀ tó kọjá.”

Ìyá Fàále wo ìka ara ẹ̀ méjì lórí tábìlì, ó la ọwọ́ náà, ó tún pa á dé.

“Lọ sí igun kẹta,” ó ní.

Oòrùn àti òtútù ti mú òwú igun kẹta gan bíi wáyà. Abẹ ń yọ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó gé. Ìkẹrin wà lẹ́yìn ọ̀pá irin kan, ó ní láti rá yí i po kó tó débẹ̀. Ó ń rá lọ, wọ́n ń gbọ́ bí ìdè tó so ó mọ́ ilé ṣe ń lu irin, kàn, kàn. Ó ní òun ti ń rí i lọ́ọ̀ọ́kán.

Fóònù ọkùnrin aago dún. Ó gbọ́, ó gbé e sílẹ̀. “Wọ́n rí òmíì níwájú ọ̀wọ́ yẹn. Kò dúró de àwọn yòókù. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún kó dé, wíwọlé nìkan máa gba ọmọ náà ní mẹ́tàlá.”

“Mo lè ṣe é!” ni ohùn òkè wí. “Ó wà níwájú mi báyìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é!”

Ọkùnrin náà yíjú sí Ìyá Fàále. “Ẹ̀yin lẹ mọ kókó yìí. Ṣé ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó?”

Tí Ìyá Fàále bá ní ó tó, tí ọmọ náà bá gé e, ó ti yọ nínú ọ̀ràn pátápátá nìyẹn. Ó mọ èyí tó yá jù nínú igun mẹ́ta: ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ọwọ́ ọmọ náà ti rẹ̀ nísinsìnyí, èémí ẹ̀ ti ń já. Ara Ìyá Fàále fẹ́ sọ pé ó tó. Ahọ́n ẹ̀ ti tẹ̀ síbẹ̀.

“Kò tó,” ó ní. “Wọlé, ọmọ mi.”

“Ìyá, ọ̀kan péré ló kù!”

“Mo ní kò tó. Má fọwọ́ kàn án. Wọlé!”

Hẹ̀ẹ̀. Hẹ̀ẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìdè, kàn, kàn, ó ń padà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró gba èémí.

“Ẹ jẹ mí ní igun kan o.”

“Mo jẹ ẹ́.”

“Mi ò ní gbàgbé.”

“Má gbàgbé, jọ̀ọ́.”

Ilẹ̀kùn pa dé, ohùn kú. Gbohùngbohùn ń hó ṣììì. Ọkùnrin náà ń wo aago, àwọn náà ń wo ojú ọkùnrin náà. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kọjá. Ó tún lé díẹ̀. Fóònù dún, ó gbọ́, ó mi orí: eléyìí ti kọjá, kò kan ilé.

“Ìgbà wo ló tún lè jáde?” Téèpù bèèrè.

“Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ jáde ti họ látàrí ọ̀pá yẹn. Wọ́n máa tún un ṣe. Ó máa tó ọjọ́ mẹ́sàn-án.”

“Kó má sùn níbẹ̀ ńkọ́?”

“Ògiri kan náà ni gbogbo wọn pín. Kò síbi tó fẹ́ sùn tí kì í ṣe ẹ̀yìn ẹ̀.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ọkùnrin náà kó ìwé ẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ, ọ̀gá pátápátá ń retí wọn ní ọ́fíìsì ẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ tiwọn. Téèpù dìde, ó tọ́ téèpù ọrùn ẹ̀, ó ń dúró dè é.

Ìyá Fàále ò dìde. Ó fa ìbora kẹjọ mọ́ra, ó yí igun kẹrin ẹ̀ sókè, ó fi ìka méjì wọ̀n ọ́n láti ibi kókó.

“Lọ sọ fún wọn pé mò ń bọ̀,” ó ní. “Mo ṣì jẹ ọmọ yẹn ní igun kan.”